Èsì: Lílọ sí Elmalı láti Antalya láìní ọkọ̀ ti ara ẹni

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè ti ìlú Antalya ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì lọ sí ìlú Elmalı láìní ọkọ̀ ti ara yín, kí ẹ sì padà lọ́jọ́ kan náà, ẹ sì ní ẹ̀rù ń bà yín nítorí èdè Tọ́kì. Ẹ lè dé Elmalı láìháyà mọ́tò, nítorí pé bọ́ọ̀sì kékeré ń gbéra láti ibùdókọ̀ ńlá Antalya, èyí tí wọ́n ń pè ní otogar, ìrìn náà sì tó nǹkan bí wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ padà lọ́jọ́ kan náà gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ, àfi kí ẹ gbéra ní kùtùkùtù, kí ẹ sì bi awakọ̀ ní àkókò tí ọkọ̀ ìkẹyìn ń padà kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀.

Ní tèmi, ó sàn kí ẹ sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ápù ni ìlú náà fi gbajúmọ̀, òun náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí ẹ bá lọ ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Ìkẹwàá, ẹ ó bá àwọn àgbẹ̀ lẹ́nu ìkórè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe já èso ẹ̀bá ọ̀nà, oúnjẹ òòjọ́ ẹnìkan ni. Ìlú náà ga tó nǹkan bí 1,100 mítà, nítorí náà ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání, kódà bí Antalya bá ń mú ooru.

Ní ti èdè tí ẹ ń bẹ̀rù, ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹ ń lọ sínú ìwé, kí ẹ sì kọ́ “merhaba” láti fi kí ènìyàn. Bí wọ́n bá fi tíì lọ̀ yín, ẹ gbà á.