Nípa oògùn alẹ́ tí ń fò ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa màmá yín tó wà ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ní Àkúrẹ́, tí wọn kì í rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà wọn lò déédéé lálẹ́, mo rí i pé ẹ fẹ́ ra aago oní-álààmù fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí kan náà, ìgbàgbé nìkan kọ́ ló sì ń fa ọ̀rọ̀ náà. Aago á dún, wọn á pa á, wọn á sì máa bá iṣẹ́ ọwọ́ wọn lọ.

Àsìkò tó léwu jù ni ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán bá ń fa iṣẹ́ lé àwọn ti alẹ́ lọ́wọ́. Ọkàn ẹni tó ń lọ ti wà ní Ọjà Ọba tó fẹ́ gbà kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì rò pé wọ́n ti fún Màmá lóògùn. Ẹ bá alábòójútó ilé náà sọ ọ́ pé kí àwọn méjèèjì jọ máa dúró ti ìwé oògùn, èyí tí wọ́n ń kọ oògùn tí àgbà kọ̀ọ̀kan lò sí, kí wọ́n kà á láti orí àgbà kan dé orí èkejì, kí ẹni tó ń lọ má sì gbé báàgì rẹ̀ títí wọn yóò fi rí i pé kò sí àyè kankan tó ṣófo. Ẹ̀yìn ìgbà tí àgbà bá ti gbé oògùn mì tán ni kí wọ́n tó buwọ́ lùwé. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa tí ìwé wọn pé pérépéré, síbẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò wálẹ̀; ìgbà tí a ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn ni a rí àwọn hóró amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, tó ti rọ̀, tó lẹ̀ mọ́ inú àpò ìrọ̀rí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń fi í pa mọ́ sí, nítorí pé gbígbé mì ń ni wọ́n lára. Bí ti Màmá bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bi apòògùn kí ẹnikẹ́ni tó lọ oògùn kankan kúnná fún wọn, torí pé a ṣe àwọn mìíràn kí wọ́n lè máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara.

Ẹ má bínú, apá kan wà lọ́wọ́ ẹ̀yin ẹbí. Ẹ̀yin lẹ ń ra oògùn. Ó lè tán lọ́jọ́ Ẹtì, kí ẹni tó ń sanwó wà ní Èkó, kí ìwé sì máa sọ pé "kò sí" títí di ọjọ́ Ajé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ka hóró tó kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì pè yín nígbà tó bá ku ti ọ̀sẹ̀ kan. Kíkà yìí tún máa ń tú àṣírí: bí ìwé bá ní wọ́n ti lò ó, tí hóró sì ṣẹ́ kù ju bó ti yẹ lọ, ẹ béèrè.

Oògùn tó bá fò, kí wọ́n má ṣe fi ìlọ́po méjì dí i. Kí wọ́n pe dókítà, pàápàá bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ insulin fún ìtọ̀ ṣúgà. Bí Màmá bá sì ní ààwẹ̀ ni àwọn ń gbà, kí àwọn òṣìṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé Màmá kò gbà láti lo oògùn náà, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n sì pè yín lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.