Èsì: ìdí tí Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ò fi gba "if owo = 500"

Ẹ̀gbọ́n, àmì = yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀, ==, tó ń béèrè bóyá iye méjì dọ́gba, ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀.

Expression ni ohun tó máa já sí iye kan, bíi 4 * 1500, ẹ ra àdìrẹ yáàdì 4 ní Ìtòkú níbí, ìyá oníàdìrẹ ní ẹ mú 6000 wá, àmì * (ìsọdipúpọ̀) yẹn ni operator, 4 àti 1500 tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí ni operand. Àmọ́ owo = 500, ẹ kàn kó owó sápò ni, statement nìyẹn, àṣẹ lásán, kò já sí iye kankan tí if máa yẹ̀ wò.

Python ni mò ń sọ o. Nínú C, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, = náà ń dá iye padà, if (owo = 500) á máa sọ pé òótọ́ ni ṣáá, ìyẹn ti fi odidi alẹ́ kan jẹ mí níyà rí.