Ẹ yé wá gbọ́mọgbọ́mọ kiri

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Èmi ni ààrẹ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ nínú ìjọ kan n'Íbàdàn. A fẹ́ ṣe ìwọ́de lòdì sí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ tó ń kó àwọn ọmọbìnrin lọ sókè òkun, ká sì ṣe ìsọ́ òru lé e. Àwọn kan nínú wa tún fẹ́ dá ikọ̀ tí yóò máa lọ gba àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtara. Ẹ ṣe ìsọ́ òru yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbójú fo ọ̀rọ̀ kan, nítorí ẹ̀yin lẹ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹrin tí yóò kọ ọ́ sí mi lóṣù yìí: gbọ́mọgbọ́mọ.

Agbẹjọ́rò àwọn ọmọbìnrin tó padà dé láti Líbíà, Oman àti Lẹ́bánónì ni mí. Nínú gbogbo àwọn tó ti jókòó síwájú mi, mi ò tíì rí ẹyọ ẹnì kan tí wọ́n kì mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn. Àǹtí àdúgbò ló mú wọn lọ, tàbí ọ̀rẹ́ ìyá wọn, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan fi fọ́tò ọjọ́ ìdúpẹ́ rẹ̀ hàn mí: ó wọ àǹkárá tuntun, ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ọwọ́ pásítọ̀ wà lórí rẹ̀. Obìnrin tó tà á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣe àmín. Iṣẹ́ irun ṣíṣe ni wọ́n pè é. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, wọ́n ní ó jẹ gbèsè owó ọkọ̀, ó sì di ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í sùn.

Òfin kò ní kí wọ́n jí ẹnì kan gbé kó tó di pé wọ́n fi í ṣòwò. Ẹ̀tàn tó, àìrówóná ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ tó. Bí ọmọ kò bá tíì pé 18 ọdún, kò tilẹ̀ dìgbà tí wọ́n bá tàn án. Kẹ́ ẹ sì tó jáde sígboro, ẹ wo ilé àwọn àgbà ìjọ: òfin ọdún 2015 tó lòdì sí fífi èèyàn ṣòwò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ọmọ tí kò tíì pé 12 ọdún ṣe ọmọ ọ̀dọ̀.

Bẹ́ ẹ bá kọ gbọ́mọgbọ́mọ sára páálí ìwọ́de, àlejò olóògùn làwọn ọmọ yín á máa ṣọ́ra fún, àǹtí á sì kọjá láàárín wọn. Ìbéèrè tí wọ́n á bi ẹni tó fẹ́ lọ sókè òkun ni kẹ́ ẹ kọ́ wọn. Ta ló sanwó físà? Kí lorúkọ ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́? Kí ló dé tó fi máa gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ lọ wọkọ̀ òfurufú ní Kútọnu? Kí wọ́n bi í kí pásítọ̀ tó gbọ́wọ́ lé e lórí.

Ikọ̀ agbani-là ńkọ́? Rárá. Bẹ́ ẹ bá já wọ ilé kan lónìí, wọ́n á kó àwọn tó kù kúrò níbẹ̀ lóru. Ẹ̀yin gan-an lè dèrò àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ pe 627, nọ́ńbà NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ẹ má sì gbé fọ́tò ẹnikẹ́ni sórí Facebook. Ìmọ̀ràn gbogbogbòò nìyí o. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà nílẹ̀ báyìí, ẹ fi han agbẹjọ́rò tó lè rí ojú ẹni tọ́rọ̀ kàn.

Àwọn tó ti padà dé, ẹ bá wọn wá yàrá àti iṣẹ́ ọwọ́. Bí ẹ̀rù ìbúra tí àwọn tó tà á mú un bú ní Bìní bá ń ba ẹnì kan nínú wọn, ẹ sọ fún un pé Ọba Bìní, Ewuare II, ti tú irú ìbúra bẹ́ẹ̀ ká ní oṣù kẹta ọdún 2018. Ẹ má sì fà á síwájú ìjọ kó wá jẹ́rìí. Láti ọjọ́ Sunday tí wọ́n ti gbé máíkì lé ọmọ inú fọ́tò yẹn lọ́wọ́, kò tíì tún wọ ṣọ́ọ̀ṣì.