Ohùn ọmọ mi ti há, ẹ gbà wá o

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi tó ń lé orin ní kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn ẹ̀ ti há láti bí oṣù méjì, ó wá ń fi tipátipá kọ ọ́. Wọ́n ní irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí olórin Jámánì kan, ta ni? Ìyá kan ní Tankẹ, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Mọ́mì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Jonas Kaufmann ni. Munich ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1969, mátímátíìkì ló kọ́kọ́ ń kà ní yunifásítì kó tó fi í sílẹ̀ lọ kọ́ orin. Ọ́pẹ́rà ló ń kọ, ìyẹn eré orí ìtàgé tó jẹ́ pé orin ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, wọn kì í sáábà lo máíkì, ohùn ẹni ló máa borí gbogbo fèrè àti gòjé tó wà níwájú ẹ̀. Ní 1994 ó ríṣẹ́ ní Saarbrücken, ìlú kan ní Jámánì, ibẹ̀ ni wàhálà ti dé, ó ń fún ohùn mọ́lẹ̀ kó lè dún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àfi lọ́jọ́ kan tó wà lórí ìtàgé, ohùn bá pòórá. Michael Rhodes, olùkọ́ kan tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà, ló ní kó dẹ ọ̀fun, kó fi ohùn tí Ọlọ́run fún un kọrin. Ohùn tó jáde nípọn, ó rinlẹ̀, ìgbà tó sì máa fi di 2006, Metropolitan Opera, ilé ọ́pẹ́rà ní New York, ló ti ń kọ ọ́pẹ́rà tí wọ́n ń pè ní La traviata. Èmi o, ibi tó bá ti rẹ ohùn sílẹ̀ jẹ́jẹ́ ni mo fẹ́ràn jù.

Kọ́mọ yín dákẹ́ orin ná. Oṣù méjì ti kọjá ọ̀rọ̀ oyin àti orógbó, ẹ gbé e lọ bá dókítà ọ̀fun ní ọsibítù yunifásítì ní Òkè-Òsé lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́.