Ìlú etí odò Hooghly: ẹ má kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ọjọ́ kan

Àwọn kan ń béèrè bóyá èèyàn lè kúrò ní Kolkata, ní Íńdíà, láàárọ̀, kó rí Serampore, Chandannagar, Chinsurah àti Bandel, kó sì padà lálẹ́. Lójú máàpù, kò le rárá, ojú irin kan náà láti Howrah, ibùdó rélùwéè tó wà ní òdìkejì odò sí Kolkata, ló gba gbogbo wọn kọjá. Mo ti dán an wò. Serampore ni mo ti bẹ̀rẹ̀, eré ni mo ń sá látìdí ilé kan dé òmíràn, nígbà tí mo sì fi dé ìlú kẹta, oòrùn ti kàn mí látàrí, wọ́n sì ti ti ṣọ́ọ̀ṣì tí mo torí ẹ̀ wá. Ẹ̀yìn géètì ni mo dúró sí tí mo ń yọjú.

Ìlú méjì lóòjọ́ ti tó. Ẹ wọ rélùwéè òwúrọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ Kolkata lásìkò yẹn, ẹ̀yin ń jáde, ẹ ó rí ìjókòó. Bandel tó jìnnà jù, nǹkan bíi 40 kìlómítà, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Pọtogí wà: 1599 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn ọmọ ogun Shah Jahan, olú ọba Mughal tó ń ṣàkóso Íńdíà nígbà náà, bà á jẹ́ ní 1632, wọ́n sì tún un kọ́ ní 1660.

Lẹ́yìn náà, Chinsurah. Ọwọ́ àwọn ará Nẹ́dálándì ló wà títí Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á ní 1825. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibojì obìnrin kan tó ń jẹ́ Susanna Anna Maria, tó kú ní 1809. Ilé funfun ni, orí rẹ̀ rí róbótó, òpó yí i ká, ó dá dúró lórí koríko. Nígbà tí mo fọwọ́ kan òpó rẹ̀, ẹfun ilé náà lẹ̀ mọ́ mi látẹ́lẹwọ́. Mo pẹ́ níbẹ̀ ju ibi gbogbo lọ. Aṣọ òwú, oògùn olóró opium àti iyọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn ni àwọn oníṣòwò Yúróòpù ń kó kúrò létí odò yìí, òógùn àwọn ará Bengal, ìyẹn àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí, ló sì wà nídìí àwọn òpó tá à ń yà ní fọ́tò.

Ọjọ́ kejì, ẹ mú Chandannagar, tí Faransé dì mú títí di 1950, kẹ́ ẹ rọra rìn létí odò níwájú ilé Dupleix, gómìnà Faransé nígbà kan. Kẹ́ ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ sí Serampore. Ìlú Dẹ́nmáàkì nìyẹn láti 1755 kí wọ́n tó tà á fún Gẹ̀ẹ́sì ní 1845. Ẹ gbójú sókè níwájú ṣọ́ọ̀ṣì St Olav, àmì orúkọ Christian VII, ọba Dẹ́nmáàkì, ṣì wà níbẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí William Carey, míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1818 náà wà létí omi.

Tó bá tó àkókò àtilọ, ẹ má padà sídìí rélùwéè. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Barrackpore ní òdìkejì odò, kẹ́ ẹ sì kọjú sẹ́yìn. Bí ìlú náà ṣe rí látorí omi nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ làwọn tó wá ra aṣọ níbẹ̀ ṣe kọ́kọ́ rí i.