Òkè tó yọ́ bí òrí

Àbúrò mi ní Ọ̀fà, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe pé mò ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. O ní o fi fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n gbẹ́ òkè kan fún Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí a fi ẹnu sọ ìtàn rẹ̀, tí ère kékeré sì dúró fún àwọn inú ìtàn náà, èyí tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń ta, o fọ́n pẹ́ńtì alágolo sí i, òkè sì yọ́ mọ́ ọ lójú bí òrí inú oòrùn. O wá ń béèrè bóyá kí o tọ́jú owó ra fóòmù aláwọ̀ pínǹkì tí àwọn òyìnbó ń lò nínú fídíò, àbí kí o kúkú wá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D tó ń fi ike tẹ ère àti ilé jáde.

Má tíì ra nǹkan kan. Ọdún kẹfà mi rèé nídìí iṣẹ́ yìí ní Tanke, ní Ìlọrin níbí. Òkè, ahoro ilé, afárá, ihò àpáta, gbogbo ohun tí ère kékeré lè dúró lé tàbí kó sá pamọ́ sí, mo ti ṣe é. Èyí tí mo bà jẹ́ níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tó wà lórí tábìlì mi lónìí lọ.

Tèmi kì í ṣe súpúréè o, gọ́ọ̀mù ṣúmẹ́kà ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbẹ́ odi ìlú kan, ti ẹnu ibodè rẹ̀, ti ibi tí ọdẹ yóò dúró sí. Lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la tí a máa ta eré, mo rí i pé ẹsẹ̀ odi kò lẹ̀ mọ́ pákó. Mo sáré lọ bá ṣúmẹ́kà tó wà nísàlẹ̀ ilé wa, ó bu gọ́ọ̀mù díẹ̀ fún mi sínú ìdérí ìgò. Mo fi pa ẹsẹ̀ odi, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo dúró. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí omi díẹ̀ bá ta sínú epo gbígbóná. Nígbà tí màá fi gbé e sókè, ẹsẹ̀ odi ti di ihò, gọ́ọ̀mù ń fà bí ilá. Ìyá mi yọjú láti yàrá, wọ́n ní kí ló ń rùn báyìí. Mi ò rí èsì fún wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ìwọ, ọ̀kan náà ni. Ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń rí fóòmù funfun yẹn ṣe, afẹ́fẹ́ ló sì kún inú rẹ̀, nǹkan bí 98 nínú 100. Ohunkóhun tó bá ní tínà, ásítóònù tàbí pẹtiróòlù nínú yóò tú awọ tín-ín-rín tó di afẹ́fẹ́ náà mú. Afẹ́fẹ́ jáde, òkè wó nìyẹn. Ó wà nínú súpúréè, ó wà nínú gọ́ọ̀mù ṣúmẹ́kà, ó wà nínú ọ́ìlì pẹ́ńtì tí wọ́n fi tínà là. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà fi ń lẹ pákó ni kí o lò, torí omi ni wọ́n fi ń là á. Pẹ́ńtì ara ògiri náà dára, èyí tí wọ́n ń fi omi pò. Èmi máa ń po pẹ́ńtì dúdú àti gọ́ọ̀mù funfun, ọ̀kan sí ọ̀kan, pẹ̀lú omi díẹ̀, kó nípọn bí ògì tó fẹ́ di ẹ̀kọ. Mo máa fi kun fóòmù lẹ́ẹ̀mejì, èkíní á ti gbẹ kí n tó fi èkejì lé e. Tó bá gbẹ tán, ara rẹ̀ á le, èékánná kò ní lè wọ̀ ọ́ mọ́. Tí o bá fẹ́ fi ohun tuntun kan òkè rẹ, fi kan àjákù fóòmù ná, lọ jẹun, padà wá wò ó.

Fóòmù kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí. Lọ bá àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ìyẹn irin àti ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́, béèrè fíríìjì tí wọ́n ti tú. Láàárín páànù ìta àti ike inú, wàá rí fóòmù aláwọ̀ yẹ́lò kan tó le gan-an. Ìran rẹ̀ yàtọ̀, tínà kì í yọ́ ọ bíi ti funfun. Má fi ọ̀bẹ gé e. Fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ, wàá rí i pé ojú ibi tó ti ṣẹ́ rí gbágungbàgun bí ara àpáta, o ò ní nílò kí o gbẹ́ nǹkan kan mọ́. Eruku rẹ̀ ló burú, ó ń yúnni lára, kò sì dáa kéèyàn fà á símú. Ìta gbangba ni kí o ti ṣe é, kí o so aṣọ mọ́ imú. Òun ni mo fi ṣe Òkè Ṣóbì kékeré mi. Ẹni tó fún mi kò gba kọ́bọ̀, ó kàn ń wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù kò tíì tán, nítorí mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Nígbà kan tí owó ò sí, mo rántí pé èbà la fi ń lẹ ìwé pọ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé. Mo wá fi èbà rírọ̀ àti ìwé ìròyìn lẹ òkè kan, ó sì lẹ̀ dáadáa, ó tiẹ̀ le bí òkúta. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èkúté ti jẹ apá ìlà oòrùn òkè náà tán, wọ́n sì ti lu ihò sí ìdí rẹ̀ bí ẹni fẹ́ máa gbé ibẹ̀.

Ọyẹ́ Ìlọrin náà kò ní jẹ́ kí o gbádùn. Páálí tí o bá kun lójú kan ṣoṣo, bí ojú yẹn bá ṣe ń gbẹ ló ṣe ń súnkì, á máa fa ìyókù mọ́ra, títí gbogbo ilẹ̀ rẹ á fi ká sókè bí ewé tí oòrùn pa. Oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní ló burú jù, torí ojú òkè á ti gbẹ kí ìsàlẹ̀ tó mọ̀ pé omi kan òun. Kun ojú méjèèjì. Páálí méjì ni kí o lẹ̀ pọ̀, kí ìlà ọ̀kan dábùú ìlà èkejì, kí o gbé nǹkan wúwo lé e mọ́jú. Ọlọ ata ìyá mi ni èmi ń gbé lé tèmi. Mo máa ń dá a padà kí wọ́n tó jí, wọ́n sì máa ń mọ̀.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, òun ló ni mí lára jù. Ojúlé kan lórí tábìlì, ìyẹn igun mẹ́rin kékeré tí ère kan ń dúró sí, jẹ́ íǹṣì kan, íǹṣì kan yẹn sì dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 5. Ṣírò rẹ̀, wàá rí i pé ìdá kan nínú 60 ni gbogbo nǹkan kéré sí. Mi ò ṣírò o. Mo lọ wo omi Òwu, èyí tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, mo dé láti ibẹ̀ pẹ̀lú orí gbígbóná, mo ní bó ṣe rí gan-an ni màá ṣe é. Omi tó ń já láti orí àpáta tó ga tó 100 mítà, tí kò bá tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀! Tí a bá pín in sí 60, ó ju mítà kan àtààbọ̀ lọ, ó ga ju àbúrò mi obìnrin lọ. Mo dín in kù sí ìdajì, síbẹ̀ oníkẹ̀kẹ́ Màrúwà tó gbé wa láti Tanke lọ sí Gáà Akanbí gba owó èrò méjì lé e. Ẹ̀gbẹ́ la fi gbé e wọlé níbẹ̀.

Ṣé o rò pé ìyẹn ni àbùkù rẹ̀? Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni gbogbo ara òkè náà. Ère kankan ò lè dúró lórí rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gbé e lé e ló ń yọ̀ ṣubú. Omi tó ń já ńkọ́? Gọ́ọ̀mù funfun ni mo dà sí i lẹ́ẹ̀kan náà nínú oṣù Kẹjọ tí òjò ń rọ̀, torí mo gbọ́ pé tó bá gbẹ, á mọ́ gaara. Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni o ń kùn ún, tí o sì ń jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí o tó fi òmíràn lé e. Tèmi funfun bí ògì fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Àwọn ọ̀rẹ́ mi wò ó, wọ́n ní ó mà dára o, wọ́n wá kó ère wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ta eré wọn lọ. Omi Òwu mi dúró sí kọ̀rọ̀ bí fíríìjì tó bàjẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé eré la fẹ́ ta, a ò ṣe àfihàn. Ìdí ère ènìyàn sábà máa ń fẹ̀ tó mílímítà 25, torí náà ibi tí kò bá fẹ̀ tó íǹṣì kan, tí kò sì tẹ́jú, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Gbẹ́ òkè rẹ ní ìpele ìpele, bí ẹní gbẹ́ àtẹ̀gùn ńlá. Ohun tí kò bá sì wọ inú páálí nuudù, mi ò ṣe é mọ́. Òkè ńlá tí mò ń lò báyìí, ègé mẹ́fà ni. Ó wọ inú páálí kan, páálí wọ orí ọ̀kadà, bí ègé kan bá ṣẹ́ lọ́nà, márùn-ún ṣì kù tí a lè fi ta eré.

Kí lo máa wá kọ́kọ́ ṣe? Ahoro agboolé ni. Má lọ máa ṣe ilé òkúta aláṣóńṣó tí ìwọ àti èmi ò gbé rí. Fi páálí ṣe ògiri, kí o ya etí rẹ̀ wákawàka. Òrùlé rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Fi omi pa ojú páálí nuudù, dúró díẹ̀, kí o bó awọ òkè kúrò pẹ̀lú sùúrù. Wàá rí ìlà gbígbún tó wà láàárín, páànù nìyẹn! Ká sòótọ́, ìlà rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ fún ìwọ̀n yìí, àmọ́ kò tíì sí ẹnì kan tó bá mi jà sí i. Kùn ún ní àwọ̀ eérú, jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, bu ilẹ̀ pupa ẹ̀bá ọ̀nà, yan án nínú páànù àlòkù kí èèrà àti ẹyin kòkòrò inú rẹ̀ kú, kí o fi asẹ́ sẹ́ ẹ kó kúnná. Ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú gọ́ọ̀mù olómi, fi tọ́ ojú òrùlé níbi tí òjò ti máa ń ṣàn, kí o wá wọ́n ilẹ̀ pupa yẹn sí i. Fẹ́ èyí tí kò lẹ̀ kúrò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó wá kí wa láti Òmù-Àrán gbé ilé náà lọ́wọ́, wọ́n yí i po, wọ́n ní ilé bàbá ta nìyí tí wọ́n pa tì báyìí. Kò sẹ́ni tó tíì yìn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ pupa yẹn náà ni kí o lẹ̀ sí gbogbo àgbàlá. Fún koríko, lọ sí sọ́míìlì, kó lẹ́búlẹ́bú pákó, fi pẹ́ńtì aláwọ̀ ewé tí a fi omi là dáadáa pò ó, sá a sórí ọ̀rá. Fún ara òkúta, àwọ̀ dúdú ni kó wà nísàlẹ̀. Ti búrọ́ọ̀ṣì bọ àwọ̀ eérú, nù ún sára àkísà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí o wá máa fi ra orí òkúta náà fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Ibi tó yọ síta nìkan ni yóò gba àwọ̀, inú kòtò á ṣì dúdú. Ìyẹn náà ni gbogbo idán tí o ń rí nínú fídíò.

Má gbìyànjú ọṣẹ o. Mo fẹ́ ṣe ère ìlú Èsìẹ́, àwọn ère òkúta tó lé ní 1,000 tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1945, torí ìtàn àtẹnudẹ́nu tó ní àlejò ni wọ́n tó di òkúta bá eré yìí mu jọjọ. Mo fi bíléèdì gbẹ́ méjìlá lára ọṣẹ ìfọṣọ. Ó rọrùn láti gbẹ́, ẹwà rẹ̀ sì kọjá sísọ. Nígbà tí òjò dé, ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí làágùn, pẹ́ńtì sì ṣí kúrò lójú gbogbo wọn.

Ní ti ẹ̀rọ 3D, wákàtí tó pọ̀ ni ẹ̀rọ náà fi ń tẹ ilé kan, ìwọ náà sì mọ bí iná wa ṣe rí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti 1974 tí Gary Gygax àti Dave Arneson ti gbé eré yìí jáde, èèyàn lè fi ẹnu lásán ta á bí ẹní ń pàlọ́. Àwa la fẹ́ kí ojú náà jẹun. Nítorí náà, má jẹ gbèsè nítorí rẹ̀.

Òkè rẹ tó yọ́ yẹn, ṣé kò tíì dé ààtàn? Tó bá ṣì wà, bó ṣe rún yẹn, pa pẹ́ńtì dúdú àti gọ́ọ̀mù mọ́ ọn. Odi tèmi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ, mi ò jù ú nù. Mo kun inú ihò rẹ̀ ní dúdú, mo ra àwọ̀ eérú sí etí rẹ̀, mo sọ fún àwọn tí a jọ ń ta eré pé dírágónì ló fẹ́ iná sí i. Títí di òní, òun ni wọ́n máa ń ní kí n gbé wá. Wọ́n ń bi mí bí mo ṣe ṣe é, mo sì ń sọ fún wọn pé àṣírí iṣẹ́ ni.