Ìbéèrè Yín àti Èsì Wa: Ta Ni Yóò Gba Ife NBA ní Sáà Tuntun?

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí ló dá lórí sáà tuntun bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n NBA, tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 21, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025. A mú márùn-ún lára wọn.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé Oklahoma City Thunder ni yóò tún gba ife. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ó ti pẹ́ tí ikọ̀ kan ti gbà á léraléra. Kí ló fà á, ṣé ọ̀rọ̀ Thunder yóò sì yàtọ̀? (Òǹkàwé kan ní Ìbàdàn)

Èsì: Ohun tí ẹ ṣàkíyèsí yìí kì í ṣe èèṣì rárá. Golden State Warriors ni ikọ̀ tó gba ife lọ́dún méjì tẹ̀léra kẹ́yìn, ní 2017 àti 2018. Láti ìgbà náà ni ife ti ń ti ọwọ́ ikọ̀ kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn: Toronto ní 2019, Los Angeles Lakers ní 2020, Milwaukee ní 2021, Golden State fúnra wọn ní 2022, Denver ní 2023, Boston ní 2024, àti Oklahoma City ní 2025. Ọdún méje, ikọ̀ méje.

Ìpalára wà lára ohun tó fà á, ṣùgbọ́n owó ni mo rí pé ó ń ká àwọn ikọ̀ lọ́wọ́ kò jù lọ báyìí. Àdéhùn tí NBA àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù jọ tọwọ́ bọ̀ ní 2023 gbé òfin kan kalẹ̀ tó le koko mọ́ ikọ̀ tó bá ń kó àwọn olókìkí jọ. Ní sáà tó ń bọ̀ yìí, ikọ̀ tí àpapọ̀ owó àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ bá kọjá mílíọ̀nù 207.8 dọ́là yóò san owó orí gọbọi, kò sì tán síbẹ̀: kò ní lè pa owó agbábọ́ọ̀lù méjì pọ̀ kó fi wọ́n pààrọ̀ ẹnì kan tó lówó lórí jù wọ́n lọ, a ó sì so ẹ̀tọ́ tó ní láti yan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ líìgì lọ́dún méje sí i rọ̀, débi pé kò ní lè fi í ṣe pàṣípààrọ̀ kankan. Ẹ wo Boston. Wọ́n gba ife ní 2024, ṣùgbọ́n nígbà ìsinmi ọdún 2025, wọ́n ti fi Jrue Holiday ránṣẹ́ sí Portland, wọ́n ti fi Kristaps Porzingis ránṣẹ́ sí Atlanta, Al Horford náà sì ti gba Golden State lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Thunder ti yàtọ̀ rèé. Ní 2019, Sam Presti, tó ń darí ètò ikọ̀ náà, jẹ́ kí Paul George lọ sí Los Angeles Clippers. Lára ohun tó gbà dípò rẹ̀ ni Shai Gilgeous-Alexander, tí kò tíì lò ju sáà kan lọ nínú líìgì nígbà náà, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ márùn-ún láti yan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ní ìpele àkọ́kọ́. Ọ̀kan nínú ẹ̀tọ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n fi yan Jalen Williams ní 2022. Ní oṣù Kẹfà tó kọjá, Williams yìí kan náà ju àmì 40 wọlé nínú ìdíje karùn-ún àṣekágbá (ẹni tó bá kọ́kọ́ borí nínú ìdíje mẹ́rin nínú méje ló ń gba ife), nígbà tí Gilgeous-Alexander, tó ju àmì 32.7 wọlé ní ìpíndọ́gba jálẹ̀ sáà, gba ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ nínú líìgì àti nínú àṣekágbá. Wọ́n ti bá àwọn méjèèjì àti Chet Holmgren ṣe àdéhùn tuntun olówó ńlá, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí yóò bẹ̀rẹ̀ nínú wọn ṣáájú sáà 2026 sí 2027. Ìyẹn ni pé sáà yìí gan-an ni wọ́n ṣì ní gbogbo ènìyàn wọn nílẹ̀ láìtíì san owó tó ń bọ̀ wá ni wọ́n lára. Ikọ̀ tó borí nínú ìdíje 68 nínú 82 ló padà wá láìdín agbábọ́ọ̀lù pàtàkì kankan. Ohun kan ṣoṣo tó ń kọ mí lóminú ni pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Williams ní ọrùn ọwọ́, kò sì ní sí lórí pápá nígbà tí sáà bá bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ni mo mú, n kò sì ṣiyèméjì.

Ìbéèrè: Láti ìgbà tí Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó, ti gba ife méjì fún Houston Rockets ní 1994 àti 1995 ni baba mi ti ń ti ikọ̀ náà lẹ́yìn, wọn kò sì tíì gba òmíràn. Wọ́n ti ra Kevin Durant báyìí. Ṣé kí baba mi máa retí? (Òǹkàwé kan ní Èkó)

Èsì: Ẹ bá wa kí baba. Kí wọ́n máa retí, nítorí pé ó ti pẹ́ tí Houston ti lágbára tó báyìí. Ní sáà tó kọjá wọ́n borí nínú ìdíje 52, wọ́n ṣe ipò kejì ní ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn, ọ̀kan nínú ẹkùn méjì tí NBA pín sí, síbẹ̀ Golden State lé wọn nílé ní ìpele àkọ́kọ́ ìdíje ìyọkúrò tó máa ń kẹ́yìn sáà. Ìdíje keje ni ẹ̀rí ohun tí wọn kò ní: àmì 89 péré ni wọ́n rí jù wọlé nílé ara wọn, Jalen Green tí gbogbo ojú ń wò kò sì ju àmì 8 lọ. Ikọ̀ tó ń dènà dáadáa ni wọ́n, kò sí ikọ̀ tó ń gba bọ́ọ̀lù tó bá ta padà lára agbọ̀n ẹlẹ́gbẹ́ wọn tó wọn, ṣùgbọ́n bí eré bá le, wọn kò ní ẹni tí wọn yóò gbé bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́ kó lọ wá àmì wá. Iṣẹ́ Durant gan-an nìyẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jọ̀wọ́ Green àti Dillon Brooks nítorí rẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, Durant sì ti pé ọmọ ọdún 37. Àgbà kejì tí wọ́n gbójú lé, Fred VanVleet, ni iṣan orúnkún rẹ̀ já ní oṣù Kẹsàn-án, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìgbaradì rárá, Amen Thompson àti Reed Sheppard ni yóò sì máa darí bọ́ọ̀lù báyìí. Thompson yá ju ìmọ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò mọ bọ́ọ̀lù jù láti òkèèrè, àwọn alátakò yóò sì máa fi í sílẹ̀ kí wọ́n lè lọ ká Durant mọ́. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá Ime Udoka, tí òun náà ti gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà rí, bá rí ojútùú sí èyí, wọn yóò dé àṣekágbá ẹkùn. Mo ṣì fi Denver síwájú wọn, nítorí pé Denver ló fa Thunder dé ìdíje keje ní ìpele kejì, wọ́n sì ti fi Cameron Johnson kún ti Nikola Jokic báyìí. Oklahoma City, níbi tí Durant ti gbá bọ́ọ̀lù títí di 2016, ni Houston yóò ti kọ́kọ́ gbá ní alẹ́ ọjọ́ 21 náà.

Ìbéèrè: Ta ni yóò jáde ní ẹkùn Ìlà-oòrùn nígbà tí Tatum àti Haliburton kò sí? Knicks ti New York ni èmi ń tì lẹ́yìn láti ìlú Lọ́ńdọ̀nù níbí. (Òǹkàwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù)

Èsì: Ìpalára ló tú ẹkùn yẹn ká. Jayson Tatum ti ju àmì 42 wọlé fún Boston lọ́wọ́ Knicks ní oṣù Karùn-ún kí iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ tó já. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹfà, nínú ìdíje keje àṣekágbá, Tyrese Haliburton ti Indiana ti ju bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta wọlé lẹ́ẹ̀mẹta kí ìdá àkọ́kọ́ tó parí. Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ síwájú, ó ṣubú, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀ pákó náà, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ pé iṣan gìgísẹ̀ òun ló já. Indiana ti sọ pé kò ní gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo sáà yìí.

Nítorí náà, Knicks náà ni èmi fi síwájú. Cleveland borí nínú ìdíje 64 lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n Darius Garland àti Max Strus ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti orí iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ ni. Orlando ti dára sí i pẹ̀lú Desmond Bane, kí ẹ má fojú di wọ́n. Knicks dé àṣekágbá ẹkùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 2000, síbẹ̀ wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá Tom Thibodeau lọ. Ọ̀pọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bí nínú, ṣùgbọ́n mo rí ìdí kan níbẹ̀: ó ń lo àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ títí wọn yóò fi rẹ̀. Mike Brown tó rọ́pò rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun ló darí D'Tigers, ikọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn ọkùnrin Nàìjíríà, lọ́jọ́ 10, oṣù Keje, ọdún 2021, ní Las Vegas, nígbà tí Nàìjíríà na Amẹ́ríkà ní 90 sí 87 nínú ìdíje ìgbaradì fún Òlíńpíìkì, tí Amẹ́ríkà sì ní Durant àti Tatum nínú. Eré sísá àti jíju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè ló fẹ́ràn, ó sì máa ń lo ènìyàn púpọ̀. Bí Jalen Brunson àti OG Anunoby bá wọ oṣù Kẹrin láìtíì rẹ̀, àṣekágbá kò jìnnà sí wọn.

Ìbéèrè: Giannis, ọmọ Adétòkunbọ̀, ńkọ́? Ṣé Milwaukee, ikọ̀ rẹ̀, lè ràn án lọ́wọ́? (Òǹkàwé kan ní Òṣogbo)

Èsì: Ó dùn mí láti sọ ọ́, n kò rò bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta tẹ̀léra ni wọ́n ti lé Milwaukee nílé ní ìpele àkọ́kọ́. Wọ́n já àdéhùn Damian Lillard, tí iṣan gìgísẹ̀ tirẹ̀ náà já ní oṣù Kẹrin, wọ́n sì pín mílíọ̀nù 113 dọ́là tó kù sí ọdún márùn-ún kí wọ́n lè ráyè ra Myles Turner. Turner yóò wúlò, ṣùgbọ́n gbèsè náà yóò wà lọ́rùn wọn fún ìgbà pípẹ́. Giannis fúnra rẹ̀ kò tíì rọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba idẹ pẹ̀lú Gíríìsì nínú ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ni.

Ìbéèrè: Aago mélòó ni a ó máa wò ó ní Nàìjíríà? (Òǹkàwé kan ní Àkúrẹ́)

Èsì: Ìdíje Thunder àti Rockets yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá ààbọ̀ òru, ìyẹn òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́jú Ọjọ́rú. Láti ọjọ́ 2, oṣù Kọkànlá, tí Amẹ́ríkà yóò dá aago wọn padà sẹ́yìn, ẹ fi wákàtí kan kún un. Ẹni tí kò bá lè ṣe àìsùn, kó fi ọjọ́ Kérésìmesì sọ́kàn: Knicks yóò gbàlejò Cleveland ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Thunder yóò sì gbàlejò San Antonio ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́.